Sẹ̀ntímítà Mẹ́ta Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Òsì

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kẹta

Owó tí mo kó jọ: 60,000.
Kẹ̀kẹ́ asáré, àlòkù, aláwọ̀ búlúù: 38,000.
Táyà ẹ̀yìn, tuntun: 3,200.
Ṣéènì: 1,800.
Òróró ṣéènì, ìgò kékeré: 350.
Gbogbo ohun tó ti lọ: 43,350. Ó ku 16,650.

Ẹni tó tà á fún mi ti yọ pẹ́dàlì méjèèjì. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ta irú rẹ̀, pé oníkálukú ló ń wá pẹ́dàlì tó bá bàtà rẹ̀ mu. Mo ní ta ló ń ra ilé tí kò ní ilẹ̀kùn. Ó ní bí mi ò bá fẹ́, ẹlòmíì ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Mo sanwó.

Mo tì í wálé. Nígbà tí mo dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, mo fi ọwọ́ kan di irin àtẹ̀gùn mú bí mo ṣe máa ń ṣe, mo fi èkejì gbé kẹ̀kẹ́, ó sì gbé. Kò wúwo tó garawa omi kan. Mo dúró lágbede méjì àtẹ̀gùn, mo tún gbé e wò.

Màmá yí i po bí ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́. Ó ní, "Èyí tí wọ́n ń gùn tí wọ́n ń doríkodò bí ẹni tó ń wá owó tó bọ́ nìyí?" Mo ní òun ni. Ó ní, "Ó dáa. Ilẹ̀ tó dúró sójú kan, ìṣọ́ra lo fi ń rìn lórí ẹ̀. Èyí tó ń yí ńkọ́?"

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Níbi iṣẹ́ omi, ọ̀gá tún ọ̀rọ̀ náà sọ níwájú gbogbo wa. Bí oṣù yìí bá parí, ẹ̀rọ ni yóò máa gba owó omi. Wọ́n ti gbé e dé. Ó wà nínú páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, ó sì ga jù mí lọ. Fèrèsé tí mo ti ń gbowó láti ọdún mẹ́sàn-án, wọn yóò dí i pa. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ṣófo ni ti ẹni tí yóò máa ka mítà lójú ọ̀nà adágún, láti ẹnu géètì wa títí dé ibi ìdídò lókè, níbi tí wọ́n ti sé odò mọ́, kí ó sì padà kí oòrùn tó kan àtàrí. Ọ̀nà náà dán, ọ̀dà ni wọ́n fi yí i, ṣùgbọ́n ó tóóró, ọkọ̀ kì í wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò mú kẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ wá. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n ni ìdánwò.

Èmi nìkan ni mo nawọ́. Ọ̀gá wo ojú mi, ó wo bàtà mi, ó tún padà wo ojú mi. Ó ní, "Owó ni mo mọ̀ ọ́ mọ́." Mo ní nọ́ńbà kan náà ló wà lára mítà. Ó ní, "Mi ò ní kí o lọ, mi ò ní kí o má lọ." Irú ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá máa ń sọ kí wọ́n má baà di ẹ̀bi rù ú.

Bí mi ò bá rí iṣẹ́ yìí gbà, owó ilé tí èmi àti Màmá ń gbé, mi ò mọ ibi tí yóò ti wá.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹta

Òjò. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Sípóòkù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Bí sípóòkù, irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ṣe rí lòun náà rí: ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, ó le. Mo sọ fún un pé nígbà tí mo wà lọ́mọdé mo máa ń gun kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni mo fi ń wà á. Òsì kò tó ìsàlẹ̀. Bí pẹ́dàlì bá ti yí dé ilẹ̀, yóò yọ̀ kúrò, á wá máa mì dirodiro.

Ó ní, "A ó so ó mọ́ ọn."

Mo rò pé okùn ló ń wí. Kì í ṣe okùn. Irin kékeré kan ni wọ́n ń dè mọ́ abẹ́ bàtà. Ó mú bàtà kan, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ pẹ́dàlì, ó dún ká. Ó ní kí n fà á. Mo fà á, kò bọ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á, gbogbo kẹ̀kẹ́ ló gbéra nílẹ̀. Ó wá yí gìgísẹ̀ bàtà náà síta díẹ̀, ó bọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ní kí wọ́n tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Mo ní kí wọ́n tún un ṣe.

Ó ní, "Ṣé o fẹ́ rà á ni, àbí ìran lo wá wò?"

Oríṣi méjì ló wà, iye ihò tí wọ́n fi ń de irin náà mọ́ bàtà ni wọ́n fi ń pè é. Oníhò mẹ́ta: pẹ́dàlì 5,500, bàtà 7,000, àpapọ̀ 12,500. Oníhò méjì: pẹ́dàlì 4,200, bàtà 6,800, àpapọ̀ 11,000. Àlòkù ni gbogbo rẹ̀.

Oníhò mẹ́ta ni Bàbá fẹ́ fún mi. Irin rẹ̀ fẹ̀, ẹsẹ̀ yóò jókòó lé e gbọin, wọ́n sì ń ta ike tí wọ́n ń tò sábẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n irin náà yọ gànnà lábẹ́ bàtà. Ó ní, "Orí kẹ̀kẹ́ ló dáa sí. Tí o bá sọ̀ kalẹ̀, ńṣe lo máa máa rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ."

Mo ní, "Bàbá, báwo lẹ ṣe rí mi tí mo rìn wọlé?"

Ó wo ẹsẹ̀ mi. Ìgbà tó rí i pé ẹ̀rín ń pa mí lòun náà bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí táyà.

Ti oníhò méjì kéré, ó sin sínú àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, èèyàn lè fi rìn. Mítà mọ́kàndínlógún ló wà lójú ọ̀nà adágún, gbogbo wọn ni mo sì máa sọ̀ kalẹ̀ lọ kà. Ṣùgbọ́n kò sí ike tó ga tó fún un. Ẹni tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ dáadáa yóò ra ti àkọ́kọ́, ẹni tó fẹ́ rìn dáadáa yóò ra ìkejì. Èmi fẹ́ ṣe méjèèjì, ẹsẹ̀ kan ni mo sì fẹ́ fi ṣe é.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta

Mo ra oníhò méjì. 11,000. Ó ku 5,650. Ṣúmékà tó ń ṣe bàtà gíga mi ló gbà mí nímọ̀ràn: ó ní òun lè mọ rọ́bà sí gbogbo abẹ́ ti òsì, kí òun gbẹ́ ojú rẹ̀ kí irin náà sin sí i, bóòtù gígùn, irin tí wọ́n ń fi sípánà yí wọlé, ni yóò là á já. Bóòtù gígùn méjì ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá: 600. Ó ku 5,050.

Bàbá ní kí n fi ọwọ́ ara mi de pẹ́dàlì kí n lè mọ̀ ọ́n. Ọ̀tún wọlé bí ọmọ onígbọràn. Òsì kò wọlé. Mo yí i, ó ń yọ jáde. Mo fẹ́ fi agbára sí i, Bàbá gbá mi lọ́wọ́. Ó ní, "Apá kejì ni òsì ń yí sí. Bí wọ́n bá ṣe é bíi ti ọ̀tún, ẹsẹ̀ ẹ lá máa tú u díẹ̀díẹ̀ bí o ṣe ń wà á, títí tí á fi já sílẹ̀ lójú títì."

Mo di sípánà mú, mo ń wo pẹ́dàlì náà. Ẹnì kan, níbì kan, tí mi ò mọ̀, ti jókòó rí, ó rò ó pé ẹsẹ̀ òsì ń yí irin sí ibi tí ọ̀tún kì í yí i sí, ó sì gbẹ́ ojú ibi tí wọ́n fi ń yí i wọlé lódì-lódì kí èmi má baà ṣubú.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kẹta

Mo gbé bàtà fún ṣúmékà. 2,500, mo san án tán. Ó ku 2,550.

Ó ní, "Àǹtí, mélòó ni ká mọ sí i?"

Mo ní mẹ́ta. Sẹ̀ntímítà mẹ́ta ni ẹsẹ̀ kan fi gùn ju èkejì, mẹ́ta ni bàtà tí mo ń wọ̀ lójoojúmọ́, kí ó jẹ́ mẹ́ta.

"Ẹ ò bi Bàbá Sípóòkù?"

"Ìṣirò nìyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́."

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ lowó, ẹ̀yin lẹ lẹsẹ̀."

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹta

Ọṣẹ ti di 220. Mo ra ìdajì, owó oúnjẹ ni mo fi rà á.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kẹta

Ṣúmékà ti parí bàtà. Mo lọ sí ẹ̀yìn ọgbà ilé-ìwé, níbi tí kò sí èrò. Kùrukùru bo gbogbo ibẹ̀. Ọ̀tún dún ká. Mo ti ara mi síwájú, mo ń wá òsì kiri bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn, ó wá dún ká.

Pẹ́dàlì yí dé ilẹ̀, ẹsẹ̀ òsì bá a dé ilẹ̀. Ó yí dé òkè, ẹsẹ̀ bá a lọ sókè. Kò yọ̀. Ohun tí Bàbá sọ ni pé kí n má tẹ̀ ẹ́ nìkan, kí n máa fà á. Mo fà á, kẹ̀kẹ́ sì fò síwájú. Ẹsẹ̀ òsì mi ló fà á. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, èmi ni mo ń fà á kiri.

Mo dé ibi pàǹtírí tí wọ́n kó jọ, mo fún bíréèkì. Bàbá ti sọ ọ́ fún mi pé kí n yọ ẹsẹ̀ ọ̀tún kí n tó dúró, kì í ṣe lẹ́yìn tí mo bá dúró. Mo dúró tán kí n tó rántí. Èèyàn máa ń ní àkókò láti ronú nínú irú ìṣubú bẹ́ẹ̀, nítorí kì í yá. Mo ronú nípa ṣòkòtò mi. Mo wá dùbúlẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ bí tọkọtaya. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí mi ò rí tẹ́lẹ̀, ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ẹ máa sinmi níbẹ̀ ni, kí n gbálẹ̀ yí yín ká?"

Báńdéèjì àti oògùn orúnkún: 300. Ó ku 2,250.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹta

Ẹ̀yìn ń dùn mí, ìbàdí òsì ń dùn mí, nínú orúnkún gan-an ń ta mí. Mo gùn ún lánàá, mo gùn ún lónìí, ó ń burú sí i ni. Màmá fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ fún mi. 

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kẹta

Bàbá Sípóòkù gbé kẹ̀kẹ́ mi kọ́ irin, ó ní kí n gùn ún níbẹ̀ kí n wà á. Ó wò mí láti ẹ̀yìn. Ó ní ìdí mi ń mì bí ọkọ̀ ojú omi.

"Ta ló ní kí o mọ mẹ́ta sí i?"

Mo ṣàlàyé ìṣirò mi. Ó gbọ́ ọ parí, kò já mi lẹ́nu. Ó wá fi ọwọ́ yí pẹ́dàlì náà lọ sílẹ̀ pátápátá. "Níbí, ẹsẹ̀ ẹ kúrú. Mẹ́ta tí o wí, mo gbà." Ó yí i sókè pátápátá, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà mi. "Níbí ńkọ́? Ta ló sọ pé o kúrú níbí?"

Mo ní kí ó fi í sílẹ̀, mo fi ọwọ́ ara mi yí i. Sísàlẹ̀. Sókè. Sísàlẹ̀. Òótọ́ ni. Nọ́ńbà kan náà pé nísàlẹ̀, ó pọ̀ jù lókè. Lórí ilẹ̀, ẹsẹ̀ ènìyàn wà níbì kan, èèyàn lè yọ èyí kúrò nínú ìyẹn. Lórí kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ kì í wà níbì kankan, ó ń yí ni. Mo ti ń ṣe ìyọkúrò láti kékeré, mi ò pàdé èyí tí ìdáhùn rẹ̀ ń yí padà bí ẹni tó ń ṣe é ṣe ń mí.

Ó yọ bàtà náà, ó fún mi ní bàtà òsì mìíràn tí kò ní nǹkan lábẹ́. Ó gé páálí, ó ń kì í sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń wo ìdí mi bí ẹni ń wo òṣùwọ̀n. Ó fi ọ̀kan kún un. Ó yọ ọ̀kan. Ó fi ààbọ̀ kún un. Ó ní, "Dúró níbẹ̀." Kò sí ohun tó ń mì mọ́. A wọn páálí náà: sẹ̀ntímítà kan àti díẹ̀. Kò sí ìṣirò tí mo lè fi gbé e jáde. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ látìgbà tí mo délé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹta

Ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú. Ṣúmékà fẹ́ gé rọ́bà náà kúrò, gọ́ọ̀mù tó fi lẹ̀ ẹ́ ti jẹ bàtà wọ̀. Bó ṣe ń ṣí i ni àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà tẹ̀ lé e, pẹ̀lú irin inú tí bóòtù ń wọ̀. Ó gbé e dání, ó ń wò mí. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú sí mi." Mi ò lè bínú. Èmi ni mo sọ pé mẹ́ta.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kẹta

Bàbá Sípóòkù ní irú bàtà náà kan sí i, ìwọ̀n kan náà. 6,800.

Mo ní òsì nìkan ni mo fẹ́. Kí ó gba ìdajì, 3,400.

"Kí n wá fi ọ̀tún ṣe kí ni? Ta ló máa wá ra bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan?"

"Ẹni tó bá ba ti ọ̀tún jẹ́ bí mo ṣe ba ti òsì jẹ́."

"Ìwọ nìkan lo lè ṣe irú ẹ̀ ní gbogbo àdúgbò yìí." Ó wá kó méjèèjì sínú ọ̀rá fún mi. Mo san 2,000. Mo jẹ ẹ́ ní 4,800. Ó ní kí n san án nígbà tí mo bá gba owó oṣù iṣẹ́ tuntun. Mi ò sọ fún un pé iṣẹ́ tuntun kò tíì sí.

Ṣúmékà gba 1,000 fún iṣẹ́ kejì. 250 tó kù ni mo fún un. Ó ku òdo. Mi ò jẹ gbèsè rí ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Oṣù Kẹta

Bàtà ti tán. Wọ́n gé bóòtù kúrú, òfẹ́ ni. Mo ń tiro díẹ̀ sí i nínú rẹ̀ ju nínú bàtà gíga mi lọ, ṣùgbọ́n kò yọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Oṣù Kẹta

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́.

Ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ́ wà lẹ́yìn ilé-ìwé. Mo ti ara mi sílẹ̀, mo tẹ ọ̀tún, mo fa òsì, mo tẹ òsì, mo fa ọ̀tún, títí mi ò fi mọ èwo ni èwo mọ́. Ariwo kan wá bẹ̀rẹ̀ létí mi. Mo rò pé nǹkan ti bọ́ lára kẹ̀kẹ́. Mo wo táyà, mo wo ṣéènì, kò sí nǹkan. Mo dẹwọ́, ariwo náà dínkù. Mo tún sáré, ó tún dé.

Afẹ́fẹ́ ni. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni mí, mi ò sì mọ̀ pé afẹ́fẹ́ máa ń pariwo létí ẹni tó ń sáré. Gbogbo ọmọ tí a jọ dàgbà ló mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó sọ fún mi rí, bóyá nítorí wọ́n rò pé kò tó nǹkan tí wọ́n ń sọ.

Ọjọ́ Ajé, 31 Oṣù Kẹta

Ọ̀gá fún mi ní ìwé àti gègé lẹ́nu géètì. Ó wo bàtà mi. Ojú ọjọ́ mọ́, atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi lójú.

Mítà márùn-ún àkọ́kọ́ kò le. Mo yọ ọ̀tún kí n tó dúró, mo sọ̀, mo kà, mo kọ, mo gùn. Lẹ́bàá mítà kẹsàn-án, òkúta kékeré há sínú ihò irin abẹ́ bàtà, kò gbá pẹ́dàlì mú mọ́. Mo jókòó sílẹ̀ lójú ọ̀nà, mo fi ìdí gègé yọ ọ́. Ìdí gègé kán. Orí rẹ̀ ṣì ń kọ̀wé.

Òkè ìdídò ló gbẹ̀yìn. Láti ìsàlẹ̀, mo ní ó parí, mi ò lè gùn ún. Bí mo bá sọ̀ kí n tì í, oòrùn yóò kan àtàrí kí n tó padà. Mo gùn ún. Nígbà tí ọ̀tún rẹ̀ mí, mo ń fi òsì fà. Nígbà tí òsì fẹ́ kọ̀, kò ríbi yọ̀ sí, irin dì í mú, ó ní láti yí. Mo sọkún díẹ̀, kì í ṣe nítorí ìrora.

Mo dé orí. Mo sì rí omi.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń gba owó omi. Mo mọ iye tí ilé kọ̀ọ̀kan ń lò, mo mọ ẹni tó ń jẹ wá lówó. Mi ò rí omi náà rí. Mo rò pé ó máa dàbí táǹkì ńlá. Kò dàbí nǹkan kan tí mo mọ̀. Kò ní ìpẹ̀kun lọ́wọ́ òsì, kò ní lọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì dákẹ́. Ojú ọ̀run wà nínú rẹ̀, ẹyẹ funfun kan ń fò kọjá nínú rẹ̀. Gbogbo nọ́ńbà tí mo ti kọ láyé mi, nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì hàn lára rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni bù nínú rẹ̀ rí.  Mo kí i. Mo sọ pé, "Ẹ kú àárọ̀," bí ẹni tó wọlé bá àgbà.

Mo ka mítà ìkẹyìn, mo padà dé kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ọ̀gá wà lẹ́nu géètì. Ó ní, "O ò tíì lọ ni?" Mo na ìwé sí i. Ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ó pe àwọn tó ń ṣọ́ ìdídò lórí fóònù kí wọ́n bá òun wo mẹ́ta nínú wọn. Wọ́n bára mu. Ó ní, "Ọ̀la lo máa bẹ̀rẹ̀. Owó oṣù, ó di ìparí oṣù tó ń bọ̀."

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Oṣù Kẹrin

Màmá ní òun fẹ́ rí i. Ó wọ ṣáàlì, ó tẹ̀ lé mi dé ẹnu àdúgbò, ó dúró lẹ́bàá ògiri. Mo ní kí ó má bẹ̀rù, mo mọ bí wọ́n ṣe ń dúró báyìí. Ó ní, "Ta ló ń bẹ̀rù? Máa lọ."

Mo lọ títí dé ìkóríta. Mo yí padà, mo sáré bọ̀, mo fi gbogbo agbára mi sáré, mo kọjá lójú rẹ̀. Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti fi etí ṣáàlì bo ẹnu. Ọdún mẹ́jọ ló fi pọ̀n mí, kí àwọn ènìyàn tó ní kí ó sọ mí sílẹ̀, pé ọmọ náà ti wúwo jù.

Mo ní, "Màmá, kí ló dé?"

Ó ní, "Kò sí nǹkan. Padà lọ, kí o tún sáré bọ̀."

Mo lọ. Mo bọ̀. Ó tún ní kí n lọ. Ilẹ̀ ṣú kí ó tó gbà ká wọlé.

Gbèsè tí mo jẹ:
Bàbá Sípóòkù, bàtà: 4,800.
Ṣúmékà, iṣẹ́ kejì: 750.
Àpapọ̀: 5,550. Mi ò tíì san án.